Àdìrẹ Ṣíṣe ní Dublin: Ìṣirò Àdáṣe àti Ìṣirò Ẹgbẹ́

Ní ojú ewé okòwò yìí, a kì í sábà sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ilé rírà, owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí ló máa ń gba gbogbo àyè wa. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣèpàdé kí ẹnì kan má fa àpò yọ lẹ́yìn àdúrà ìparí, kí ó tẹ́ aṣọ àdìrẹ sórí tábìlì, kí ó ní kíṣìnì òun ni òun ti ṣe é. Inú wa dùn sí i púpọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ni pé: ṣé èrè wà nínú rẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ẹni tó ń dá a ṣe tó rí i. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí a rí kí a tó sọ bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin kan nínú wa ta ìborùn àdìrẹ 16 ní ọjà ọjọ́ Sátidé kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a kọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn lè rí i kà. Ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní €25, owó rẹ̀ sì jẹ́ €400. Ó ní òun ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì kí òun tó délé. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé kékeré tó ń kọ ìnáwó rẹ̀ sí wá, ó ní kí a bá òun wò ó, nítorí òun fẹ́ dín iṣẹ́ òun ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kù, kí òun lè gbájú mọ́ aṣọ.

A jókòó tì í, a ṣírò rẹ̀. Aṣọ funfun tó fi ṣe ìborùn kan jẹ́ €7. Aró àti kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ ọn jẹ́ €3.20. Ìko àti àbẹ́là jẹ́ €1.30. Gáàsì, omi àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà jẹ́ €1.50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ €13 lórí ìborùn kan, tàbí €208 lórí gbogbo 16. Ó tún san €40 fún tábìlì ní ọjà. Tí a bá yọ €248 kúrò nínú €400, ó ku €152. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. A wá béèrè pé wákàtí mélòó ni ó ń lò lórí ọ̀kan. Ó ronú díẹ̀, ó ní dídì máa ń gba òun ní wákàtí kan àbọ̀, rírẹ gba ìṣẹ́jú 45, títú, fífọ̀ àti lílọ̀ sì gba ìṣẹ́jú 45 mìíràn. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Lórí 16, ó di wákàtí 48. Ẹ pín €152 sí ọ̀nà 48: €3.17 ní wákàtí kan.

Ó ní kí a tún un kà. A tún un kà, kò yí padà. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ yìí fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ti di €14.15 ní wákàtí kan láti oṣù Kínní ọdún 2026. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ilé ìtọ́jú sílẹ̀ nítorí èyí, àfi kí ó mọ ohun tó ń ṣe.

Àṣìṣe rẹ̀ kọ́ ni pé ó ṣírò owó aṣọ láìdáa. Ìwé rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí a ń bá ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tí kò kọ sílẹ̀ ni àkókò tirẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó fún un ní rìsíìtì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé ó ń ṣe ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ kò ṣe rí láyé: ó ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nílé. A máa ń gbọ́ pé agbo ilé Ìyálóde Jojolola ní Kẹ́mta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí Ìyálóde Tinúbú ti wàjà ní 1887 tí òun sì bọ́ sí ipò. Yálà ibẹ̀ nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ agbo ilé ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Aládìrẹ lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀. Aládìrẹ ni ó ń fi ìko di aṣọ tí ó bá jẹ́ oníko, òun ni ó ń fi abẹ́rẹ́ rán an tí ó bá jẹ́ alábẹ́rẹ́, òun náà ni ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí rẹ̀ tí ó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ. Tó bá parí, á kó o lọ fún aláró. Aláró kò ní iṣẹ́ méjì ju ìkòkò aró rẹ̀ lọ. Òun ló mọ bí a ṣe ń gún ewé èlú, bí a ṣe ń ṣù ú tí a ń sá a, bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú, àti ọjọ́ tí aró tó jinná. Ìkòkò kan náà ni aṣọ obìnrin mẹ́wàá ń wọ̀. Nínú agbo ilé yẹn, ọmọdé ń bẹ̀rẹ̀ láti orí títú ìko. Ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ mọ bí dídì tó dára ṣe ń rí nígbà tó bá ń tú u, kí wọ́n tó gbé aṣọ odidi lé e lọ́wọ́. Ẹ kò lè rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò.

Iṣẹ́ náà ní ọjọ́ ìṣòro tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwa ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà kọ́sítíìkì dé, rírẹ aṣọ yá kánkán. Ẹni tí kò kọ́ ìdí ìkòkò rí lè ra agolo kan kí ó di aláró. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn oníṣòwò tó ń ra àdìrẹ lọ sí òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn: aṣọ ń ṣí, sódà ń jẹ ẹ́, ọjà sì ń dẹ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de aró òyìnbó àti sódà. Àwọn aláró kọ̀, wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ náà sì di ìwádìí ìjọba ní 1936. Judith Byfield kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ The Bluest Hands, tó jáde ní 2002, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe mọ ìṣirò tó, kí ó wá a kà. Ní tiwa, a kò rò pé aró òyìnbó fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Òun náà ni gbogbo wa ń lò ní Dublin. Ohun tó dun àwọn aláró àgbà ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, orúkọ tó sì ń bàjẹ́ jẹ́ orúkọ gbogbo wọn.

Ìlú tí a ń gbé yìí náà ti rí irú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn St Patrick's Cathedral lọ sí apá Liberties yóò rí Weaver's Square, àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ àwọn ahunṣọ pè. Ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ Dublin gba ìwé àṣẹ ọba ní 1446. Ní 1745, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn wọn sí òpópó Coombe, David La Touche sì ran wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Ẹ fojú sí orúkọ yẹn dáadáa. Àwọn Huguenot sá kúrò ní Faransé nítorí ẹ̀sìn lẹ́yìn 1685, àwọn kan nínú wọn sì bá ara wọn ní Dublin. Wọ́n gbé iṣẹ́ ṣẹ́dà wá. La Touche bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ híhun, ó bọ́ sórí pípa owó mọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, ó sì dá báńkì sílẹ̀. Nígbà tí Bank of Ireland ṣí ní 1783, ọmọ ilé rẹ̀ ni gómìnà àkọ́kọ́ báńkì náà. Àlejò bíi tiwa ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn ni kí ọmọ iṣẹ́ kọ́ṣẹ́ fún ọdún méje, kí wọ́n yẹ aṣọ wò, kí wọ́n sì ran ẹni tó bá ṣubú lọ́wọ́. Wọ́n ní àbùkù tiwọn. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò gba ẹlẹ́sìn Kátólíìkì wọlé ní kíkún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n tó lè ṣòwò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹgbẹ́ tiwa má ṣe irú èyí. Òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti 1699 tó dí ọjà aṣọ onírun Ireland mọ́ ilé ṣe iṣẹ́ wọn báṣubàṣu, òfin 1840 sì gba agbára ìlú lọ́wọ́ gbogbo irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wó gbọ̀ngàn náà ní 1965. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ní 1975, àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ dá Irish Guild of Weavers, Spinners and Dyers sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Ahunṣọ wà níbẹ̀, arànwú wà níbẹ̀, aláró wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè wọlé bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Méjì nínú àwọn obìnrin wa ti ń bá wọn jókòó. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé àwọn ìyá Irish náà mọ èlú, ìyẹn aró tí wọ́n ń pè ní indigo. Nígbà tí wọ́n rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọn kò jẹ́ kí àwọn obìnrin wa lọ sílé kíákíá.

Yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ yìí, NCAD ní Thomas Street ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ẹni tó bá ní owó rẹ̀. City of Dublin ETB náà ń ṣe ẹ̀kọ́ àgbàlagbà ní àdúgbò, ó sì dínwó sí i. Ní ti ọ̀rọ̀ òwò, Local Enterprise Office tó dé ní 2014 ní ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé fún ìsinmi gígùn, ilé ẹ̀kọ́ tí Ìyá Nike Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983 ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní àdìrẹ, bátíìkì àti aṣọ híhun.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò wa. Ká ní àwọn mẹ́fà pawọ́ pọ̀. Oníkálukú di aṣọ tirẹ̀ nílé, ní àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá pàdé ní gbọ̀ngàn ní Sátidé kan lóṣù láti rẹ ẹ́ pọ̀. Tí wọ́n bá ra aṣọ ní ìdì, aṣọ ìborùn kan lè bọ́ sí €5. Aró tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kan náà á bọ́ sí €1.80, ìko àti àbẹ́là sí €1, gáàsì àti ìbọ̀wọ́ sí 70 sẹ́ǹtì. Tábìlì ọjà ṣì jẹ́ €2.50 lórí ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ €11. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọwọ́ á ti yá: dídì tó ń gba 90 ìṣẹ́jú á gba 40. Rírẹ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan á gba wákàtí kan àbọ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 9 lórí ọ̀kan. Fífọ̀ àti lílọ̀ á gba 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 64. Tí a bá fi €14 ṣírò wákàtí, owó iṣẹ́ jẹ́ bíi €15. Ìborùn kan wá ná wọn ní €26 pẹ̀lú owó ọwọ́ wọn nínú rẹ̀. Kí wọ́n tà á ní €38. €12 tó ṣẹ́ kù ni èrè, tí wọ́n lè fi ra ìkòkò tó tóbi tàbí kí wọ́n fi san owó gbọ̀ngàn.

Bí arábìnrin wa bá dá a ṣe bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ san €14 fún ara rẹ̀, iye tó bọ́ sí i lọ́wọ́ jẹ́ €57.50 lórí ìborùn kan, kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò rà á? A gbé ìṣirò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn hàn án. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Àáró nìyí kẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ náà nìyẹn: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ.

Ìdí mìíràn wà tí a fi fẹ́ kí ẹ kúrò ní kíṣìnì. Sódà kọ́sítíìkì ń bó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú ọmọ. Èéfín kẹ́míkà kejì tí a ń pò mọ́ ọn kò dára fún àyà ẹni tó ní ikọ́ fée. Inú yàrá tí fèrèsé ti tì nítorí òtútù kọ́ ni ó yẹ kí a ti máa rẹ aṣọ. Ìkòkò tí ẹ bá sì fi rẹ aró, ẹ má fi se ẹ̀wà mọ́ láé.

A ní láti sọ òtítọ́ nípa ara wa pẹ̀lú. Ní 2011, ẹgbẹ́ wa gbìyànjú irú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn 14 dá €30, owó náà jẹ́ €420. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ keje, aró ti tán, owó ti tán, kò sì sí ẹni tó lè sọ bí a ṣe ná ju €260 lọ. Kò sí ẹni tó jalè. Àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni rìsíìtì wà, àwọn kan sì ra nǹkan láìgba rìsíìtì rárá. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn le débi pé àwọn méjì kò kí ara wọn fún ọdún mẹ́ta, àwa tó jẹ́ oníṣirò owó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé kò kàn wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àkáǹtì báńkì ọ̀tọ̀ yóò wà, èèyàn méjì yóò fọwọ́ sí owó kí ó tó jáde, a ó sì ka ìwé ìṣirò sókè ní gbogbo ìpàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ €4 péré ni a ná.

Ní ti òfin, kíkọ́ iṣẹ́ kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó ní Stamp 4 tàbí ìwé ọmọ ìlú lè dá òwò sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní Stamp 2 kò gbọ́dọ̀ dá òwò ara rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà lórí ìwé iṣẹ́ Stamp 1. Ẹ má jẹ́ kí ìborùn €38 ba ìwé yín jẹ́. Ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé òun ń rí owó níbòmíràn. Tí ẹ bá ń lo orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí orúkọ yín gan-an fún òwò, ẹ fi sílẹ̀ ní CRO. Ẹni tó ní iṣẹ́ oṣù tí owó orí ti ń jáde níbẹ̀, tí èrè àdìrẹ rẹ̀ kò tó €5,000 lọ́dún, tí àpapọ̀ ọjà tó tà kò sì tó €30,000, lè fi Form 12 sọ ọ́ fún Revenue. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, Form 11 ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá sì ni gbèdéke. Ẹ tọ́jú rìsíìtì fún ọdún mẹ́fà. VAT kò kàn yín títí tí ọjà tí ẹ tà lọ́dún yóò fi kọjá €85,000, ọjọ́ yẹn sì ni kí ẹ pè wá sí ìnáwó.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú kó èyí tí wọ́n ti ṣe tán láti Ìtòkú wá. Ẹ lè kó o, kò burú, ó sì ń ran àwọn ará ilé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021, VAT wà lórí gbogbo ọjà tí a rà wá láti òde European Union, bó ti wù kó kéré tó, owó bodè sì lè kún un. Ẹ sì ṣọ́ra: aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà pẹ̀lú àwòrán àdìrẹ pọ̀ ní ọjà báyìí. Ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ náà. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di aṣọ rí kò ní pẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n, ìdí kan náà sì nìyí tí a fi fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ọ, àní àwọn tí kò ní tà á láé.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹni tí yóò máa kọ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ìwádìí láti ọ̀dọ̀ Garda, ì báà jẹ́ ìyá àgbà ẹgbẹ́. Òfin ni láti 2016, ẹ má bínú sí akọ̀wé tó bá béèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tún gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò tó bo ẹni tó bá ṣèṣe ní gbọ̀ngàn. A ti fi owó rẹ̀ sínú ètò ìnáwó ọdún yìí.

Àyè àwọn mẹ́fà ló wà nínú ìpín àkọ́kọ́. Arábìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé ìtọ́jú rẹ̀ ní kíkún. Ẹ rí akápò lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ mú aṣọ funfun tí ẹ ti fọ̀ dáadáa wá, kí òróró ara rẹ̀ ti jáde. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti inú ẹgbẹ́ kéré sí ọwọ́ àwọn ọkùnrin, nítorí náà kí ẹ̀yin ọkùnrin mú tiyín wá láti ilé.